Gúnrégé àti Àwọn Oníbéèrè Orí Fóònù

Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Télọ̀ ni. Àwọn oníbàárà ń pè é ní Gúnrégé, torí aṣọ tí kò bá tíì jókòó dáadáa lára ẹni tó ni ín, kò ní jẹ́ kó jáde nílé. Yàrá iwájú ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, fóònù ilé sì wà lórí tábìlì tó ti ń gé aṣọ. Ẹ wá bá mi wò ó: ọkùnrin tí mo máa bi léèrè ohun tó fẹ́ jẹ, tó máa kàn mi orí, òun ló ń fi odidi ọ̀sán ṣàlàyé ọṣẹ ìfọyín wa fún àjèjì.

Àwọn tó ń pe ilé onílé láti béèrè ọ̀rọ̀ ni mò ń wí. Ìwádìí lásán ni, wọ́n á ní. Ọṣẹ wo lẹ ń lò? Rédíò wo lẹ ń gbọ́? Kí ló dé tí ẹ ò ra tiwa? Èmi ò gbà fún wọn o. Mo sọ fún ọ̀kan pé a kì í fọṣọ nílé wa. Mo sọ fún òmíràn pé àwọn onílé ò sí, olè ni mí.

Gúnrégé ńkọ́? Á so tépù mọ́rùn, á gbé fóònù létí, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ máa bi mí." Gbogbo ẹ̀ ló ń dáhùn. Lọ́jọ́ kan ó gbé áyọ́ọ̀nù lé ṣòkòtò oníbàárà, ó lọ gbé fóònù. Kó tó sọ irú tíì tí a ń mu tán, áyọ́ọ̀nù ti dá ihò sí ìdí ṣòkòtò.

Inú bí mi. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá já wáyà yìí kúrò jàre! Kí là ń fi ṣe?"

"Fi sílẹ̀," ó ní. Ó ń wo ihò náà. "Ẹni tó ń pè yìí náà, ọmọ ẹnì kan ni."

Mo mọ ọmọ tó ń wí.

Ọmọ wa obìnrin kan ṣoṣo ni. Bàbá ẹ̀ kọ́ ọ níṣẹ́, ó ń wo ọjọ́ tó máa gbé ṣọ́ọ̀bù lé e lọ́wọ́. Ọmọ ní òun ò fẹ́ abẹ́rẹ́ mọ́, ó gbaṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn oníbéèrè yìí gan-an, ní ìlú tó jìn. Bàbá ní ṣé iṣẹ́ nìyẹn? Ọ̀rọ̀ di ariwo. Ó ní tó bá ti jáde, kó má pe ilé yìí, kó má sì fẹsẹ̀ kàn án. Ẹyin lohùn, ó balẹ̀, ó fọ́. Èmi ni mò ń lọ yá fóònù aládùúgbò kí n lè gbọ́ ohùn ọmọ mi. Bí mo bá bẹ̀ ẹ́ pé kó pe bàbá ẹ̀, á ní, "Màámi, bàámi fúnra wọn ló ní kí n má pè." Ẹni bíni là á jọ, olórí kunkun méjì! Ó dùn mí dé ọkàn.

Ẹ wá gbọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń tú òwú lára búláòsì kan, fóònù dún. Ọkọ mi gbé e. Fóònù yẹn ń pariwo, kò sóhun tí mi ò gbọ́.

"Ẹ káàsán, sà. A ń ṣe ìwádìí kan ni. Ṣé ẹ lè fún wa láyè díẹ̀?"

Ohùn ọmọ mi ni! Ó padà sọ fún mi pé ọ̀gá ló pín nọ́ńbà fáwọn, pé bóun ṣe rí ti ilé wa, òun fẹ́ fò ó, ọwọ́ òun ò gbà. Iṣẹ́ ló pè, kì í ṣe òun. Ọgbọ́n ọmọ!

Mo rí i lójú Gúnrégé pé ó mọ̀ ọ́n. Mo rò pé ó máa gbé e sílẹ̀ ni. Ó fa àga, ó jókòó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. "Ẹ máa bi mí."

"Ẹ̀yin mélòó lẹ ń gbé inú ilé, sà?"

"Mẹ́ta."

"Mẹ́ta, sà?"

"Èmi, ìyàwó mi, àti ọmọ wa obìnrin. Ibi iṣẹ́ ló lọ."

Èmi ti ń fi búláòsì oníbúláòsì nujú.

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe, sà?"

Mo tẹjú mọ́ ẹnu ọkọ mi. Ó tú tépù kúrò lọ́rùn, ó ń ká a mọ́ ìka.

"Ó ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀," ó ní. "Iṣẹ́ tó le ni. Àwọn kan ń jágbe mọ́ wọn, àwọn kan ń parọ́ fún wọn." Ó wojú mi. Ojú gbà mí tì. "Sùúrù wọn yà mí lẹ́nu."

Ọmọ mi fa imú. "Ó ku ẹyọ kan, sà. Kí lẹ fẹ́ kí iléeṣẹ́ wa ṣe fún yín?"

"Kí wọ́n fún ọmọ mi láyè kó wá sílé. Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ."

Láti ọjọ́ tí mo ti délé ọkùnrin yìí, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu ẹ̀ rí.

"Ó ti gbọ́, sà," ọmọ mi ní. "Ó ń bọ̀."