Ẹ̀bẹ̀ Mi Níwájú Ọba

Ẹnjiníà ni bàbá mi rán mi wá kọ́ ní Houston. Ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí mo wọ ọdún kejì, mo fi í sílẹ̀ láìsọ fún wọn, mo bọ́ sí ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ Amẹ́ríkà. Kíláàsì kan ló kó bá mi. Ìwé pélébé àti lẹ́tà àwọn ará Amẹ́ríkà àtijọ́ tó kọ ọba Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ la ń kà níbẹ̀, àwọn tó ní Ọlọ́run fún kálukú ní làákàyè tirẹ̀, pé kò yẹ kí ẹnìkan máa bá ẹlòmíràn ronú. Mo gbà wọ́n gbọ́ tọkàntọkàn. Mo kàn ń bẹ̀rù bàbá mi ni.

Ọ̀rẹ́ tí a jọ ń gbé yàrá ní àdúgbò Third Ward kò fi bò fún mi. "Guy, Daddy ẹ máa pa ẹ́ o. Ìgbà wo lo fẹ́ tell wọn?"

Mo ní kó jẹ́ kí n gbádùn.

Ẹnu la fi ṣe ìdánwò ìparí kíláàsì náà. Purofẹ́sọ̀ wa, òyìnbó arúgbó kan, jókòó sórí àga, ó ní òun ni ọba, kí kálukú wá ro ẹjọ́ rẹ̀ fún òun ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bú u bí ẹni ń bú olè. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n kọ́ èmi pé à ń bẹ òṣìkà kó tú ìlú ṣe. Nígbà tó kàn mí, díẹ̀ ló kù kí n dọ̀bálẹ̀. Mo kí Kábíyèsí, mo kí olorì, mo kí àwọn ọmọ ọba, mo ní bàbá ni wọ́n jẹ́ fún wa. Ìṣẹ́jú márùn-ún pé, n kò tíì dé orí ẹjọ́. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí.

Purofẹ́sọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀bẹ̀ làwọn tí à ń ka ìwé wọn náà fi bẹ̀rẹ̀, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó ṣíwọ́. Ṣùgbọ́n ọba mọ ohun tí wọ́n ń bẹ òun fún."

Ọjọ́ yẹn ni mo kọ lẹ́tà sí bàbá mi, ojú ewé mẹ́ta. Oṣù méjì kọjá kí èsì tó dé: ara wọn le, òjò ti bẹ̀rẹ̀, kí n múra sí ẹnjiníà. Mo wo àdàkọ tí mo tọ́jú. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo fi sọ ọ̀rọ̀ náà, láàárín ìkíni sí ìyá àgbà àti àdúrà ẹ̀mí gígùn. Inú bí mi sí ara mi. Èmi tí mò ń ṣakọ lórí òmìnira!

Mo kọ òmíràn. Mo kí wọn lẹ́ẹ̀kan, mo ní: "Bàbá mi, mo ti fi ẹnjiníà sílẹ̀. Lítíréṣọ̀ ni mò ń kọ́. N kò ní padà síbẹ̀." Mo fi í ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Èsì ìyẹn kò pẹ́ rárá.

"Mo ti rí i nínú lẹ́tà àkọ́kọ́. Mo ní kí n wò ó bóyá wàá tún un sọ."