Ọ̀pá tí Bàbá Mi Kò Fi Ki Ìbọn

Òórùn gírísì àti irin tó dípẹtà ló jí mi láàárọ̀ Sátidé yẹn. Bàbá mi ti gbé ìbọn ṣakabùlà jáde láti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní nínú yàrá wa ní Mushin.

Ẹ̀yà ara mọ́tò ni bàbá mi ń tà ní Ládìpọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ọdẹ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Bí ọyẹ́ bá ti dé, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró sí Èkó. Lọ́dún yẹn, àbúrò rẹ̀ gbé ìbọn náà wá kí wẹ́dà lè bá wọn jó apátí rẹ̀, irin tí wọ́n fi ń yìn ín, tó kán. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń ki ẹ̀tù sí i ti ṣẹ́ lọ́nà, bàbá mi sì ra ọ̀pá mọ́ọ̀bù láti fi rọ́pò rẹ̀.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ̀rù kì í jẹ́ kí n dá lọ mú yúnífọ́ọ̀mù mi nídìí kọ́bọ́ọ̀dù. Télọ̀ ni ìyá mi, òun náà kò sì fẹ́ràn nǹkan ọ̀hún. Bó bá ti kọjá níbẹ̀, á ní, "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọjú ẹ̀ sí òun?"

"Kò sí nǹkan nínú ẹ̀," bàbá mi dá a lóhùn láàárọ̀ yẹn. "Àbúrò mi ti sọ fún mi. Ṣadé, wá bá mi dì í mú."

Mo di ẹnu ìbọn mú mọ́ ikùn mi. Ó tutù. Bàbá mi ti fi àfọ́kù ìgò fá ọ̀pá náà tẹ́lẹ̀, ó sún mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ó sì tì í wọlé títí ó fi dúró. Ó ṣàlàyé fún mi bó ti ń ṣiṣẹ́: tí ọ̀pá bá kúrú, kò ní kan ìdí ẹ̀tù, ọwọ́ ẹni á sì sún mọ́ ẹnu ìbọn jù, tó bá gùn jù, igbó á máa fà á. Ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan ló yẹ kó yọ síta. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ìyá mi sàmì sí i, ó fà á yọ, ó sì mú ayùn.

"Bàbá Ṣadé, ẹ jẹ́ n wọ̀n ọ́n láti ìta ná," ni ìyá mi wí, téèpù lọ́rùn rẹ̀.

"Ìbọn ni, kì í ṣe búláòsì."

Ìyá mi na téèpù láti ẹnu ìbọn dé ìdí, ó tún nà án sára ọ̀pá. Apá tó wọlé lára ọ̀pá náà fi ìka mẹ́rin kúrú sí ìdí ìbọn.

Bàbá mi tún ti ọ̀pá náà bọ̀ ọ́. Ibi tó dúró sí tẹ́lẹ̀ náà ló tún dúró sí, kò sì dún bí ìgbà tí igi bá kan irin. Ó di èjìká mi mú, ó rọra gbé mi kúrò níwájú ìbọn. Ìgbà yẹn ni mo tọ̀ sára.

Omi ni bàbá mi dà sínú ìbọn náà lẹ́yìnkùlé títí ẹ̀tù dúdú àti ọta fi ń ṣàn jáde. Mọ́ńdè ni ìbá gbé e lọ síwájú iná wẹ́dà. Ó padà gé ọ̀pá náà bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ìbọn nìkan ló padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá mi kò sì ṣọdẹ mọ́ títí ó fi kú.

Ọ̀pá náà wà lọ́dọ̀ mi ní Sùúrùlérè báyìí, òun ni mo fi ń ti kọ́tìnì. Nígbà yẹn ó ga jù mí lọ. Àyà mi ló mọ báyìí. Lọ́jọ́ kan ọmọ mi obìnrin dúró tì í, ó ń fi wọn ara rẹ̀, mo sì pariwo pé kó kúrò níbẹ̀.

"Màámi, igi lásán ni," ó ní.

Mo mọ̀. Ìbọn yẹn náà, wọ́n ní kò sí nǹkan nínú ẹ̀.