Ikọ́ Tí Kò Sí Láyà Mi

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ikọ́ gidi ni. Ọyẹ́ ọdún yẹn le, eruku ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá sì ń wọlé bá wa ní kíláàsì, níbi tí mo ti ń fi gbogbo ọjọ́ pariwo lé ọmọ ọlọ́mọ lórí. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò fún mi ní oògùn ikọ́ inú ìgò. Ó ní kódíìnì wà nínú rẹ̀, pé màá sùn dáadáa. Mo sùn lóòótọ́, gbogbo àárẹ̀ iṣẹ́ tíṣà sì bọ́ kúrò lára mi bí ẹni bọ́ ẹ̀wù.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ikọ́ náà fi lọ. Àmọ́ ta ni yóò máa ra oògùn ikọ́ láìwúkọ́? Mo bá ń wúkọ́ ṣáá, ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn, lójú ìyàwó mi, ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mọ̀ ọ́n wú débi pé àwọn tá a jọ ń gbé ilé ń fi orógbó ránṣẹ́ sí mi, màmá àgbà tó wà ní yàrá kejì sì gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí mi. Mo jẹ orógbó náà. Mo ṣe àmín sí àdúrà náà. Mi ò ráyè ìtìjú nígbà yẹn.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́fà, ìyàwó mi gbà pé ikọ́ ife ni. Ó ní òun máa gbé ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún márùn-ún, lọ sọ́dọ̀ ìyá òun ní Ayọ̀bọ̀, kí ikọ́ má baà ràn án. Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìyá rẹ̀ ò jẹ́ kó dì mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló lè dá a dúró, ó wà lẹ́nu mi, mo sì gbé e mì. Àfọwọ́fà ni.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbìyànjú láti dá oògùn náà dúró. Imú ń ṣomi, egungun ń ro mí, ìgbẹ́ gbuuru dé, mò ń yán láìrí oorun sùn. Ọjọ́ kejì ni mo máa ń padà sídìí ìgò. Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Tèmi ò tó ọdún kan, ó sì ti tán mi lókun. Lọ́jọ́ tí ìyàwó mi ní òun ti bá dókítà kan sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè ya fọ́tò àyà mi, ó rẹ̀ mí pátápátá.

"Kò sí ikọ́," ni mo sọ fún un. "Oògùn yẹn ni mò ń wúkọ́ fún."

Ó jókòó. Ó ní, "Ẹ ń wò mí níran nígbà tí mò ń gbọ́mọ lọ, àbí?"

Ọ̀dọ̀ dókítà yẹn náà la lọ. Kò bú mi, kò wàásù. Ó ní ká má dá oògùn dúró lójijì, ká máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, kó má sì sí lọ́wọ́ mi mọ́. Ìyàwó mi ló ń fi ṣíbí wọ̀n ọ́n fún mi láràárọ̀, kò sì ń sọ ju "Ẹ gbà" lọ. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀kan, mo lọ rà á ní Ìgàndò níbi tí wọn ò ti mọ̀ mí. Mo padà wá sọ fún un fúnra mi. Oṣù mẹ́rin ló gbà wá.

Ọmọ padà wálé. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ìyá rẹ̀ ń dín ata, èéfín bọ́ sí mi lọ́fun, mo wúkọ́. Ọmọ náà fi eré sílẹ̀, ó wọ yàrá lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì. Kò sunkún.

"Ata ni, ọmọ mi," ni mo wí. "Kì í ṣe ikọ́."

Ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó lọ bi ìyá rẹ̀ bóyá òótọ́ ni.