Ihò Ìpele Keje

Irọ́ kan ni mo pa ní Ìsẹ́yìn nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Géèmù ló tú àṣírí mi.

Èmi àti àbúrò mi obìnrin la jọ máa ń sá kúrò nídìí òfì bàbá wa lọ sí kafé. Géèmù kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀: àkèré kan á máa fò lórí ilẹ̀ aláràbarà. Ní ìpele keje, pupa, ìyeyè àti búlúù ló ń tẹ̀ léra wọn, àmọ́ ìyeyè kan sọnù lápá òsì, ihò ló wà níbẹ̀. Inú ihò yẹn ni mo máa ń já sí. Àbúrò mi á fò ó kọjá, á wojú mi, á rẹ́rìn-ín. Ẹ ò mọ bí ẹ̀rín yẹn ṣe ń ta mí lára tó.

Ni àbúrò mi bá ṣe ohun tí ọmọ aláṣọ òfì nìkan lè ṣe. Ó ka àwọn àwọ̀ ilẹ̀ náà, ó kọ wọ́n sínú ìwé, ó sì hun ún sáṣọ tihòtihò.

Ní agbo ilé wa, a kì í tú àṣìṣe inú aṣọ. Gígé ni wọ́n ń gé e, lójú gbogbo ẹni tó bá wà nídìí òfì. Bàbá fọwọ́ kan ibi tí ìyeyè ti sọnù.

“Ta ló ní kí o fo òwú níbí?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Bó ṣe wà lójú kọ̀ǹpútà nìyẹn. Ẹ bi ẹ̀gbọ́n mi.”

Bàbá kọjú sí mi. Mo ní n kò rí ihò kankan nínú géèmù náà.

Wọ́n mú abẹ, wọ́n gé aṣọ náà lójú gbogbo wa. Àbúrò mi ò sunkún, ó kàn ń wò mí. Kò fọwọ́ kan òfì mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìjió ló lọ́kọ sí, ó ń ta gààrí fún àwọn ará òdìkejì ẹnubodè. Nígbà tó wá sìnkú Bàbá, ó kí mi bí ẹni ń kí àlejò.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá géèmù náà. Kì í ṣe nítorí àforíjì o. Mo fẹ́ kí n débẹ̀ kí ihò má sí, kí n lè sọ fún ara mi pé n kò parọ́. Àmọ́ ohun tó ń gbé irú géèmù bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀, búráúsà kankan ò gbà á mọ́. Ojú funfun lásán ni mo ń rí. Inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀. Mo ní ẹlẹ́rìí ti kú.

Àṣé àwọn kan wà tí wọ́n ń ṣa àwọn géèmù àtijọ́ wọ̀nyí jọ, tí wọ́n sì ti ṣe ohun mìíràn tó ń ṣí wọn. Lóṣù tó kọjá, àkèré náà fò jáde lójú kọ̀ǹpútà mi. Ìka mi ti le. Ọ̀sán kan gbáko ni mo fi jìjàkadì kí n tó dé ìpele keje. Mo sì já sínú ihò.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Wọn ò sọ ohun téèyàn máa ṣe lẹ́yìn tó bá bá a tán. Ojú tì mí gidi.

Mo ya àwòrán rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ìwọ lo jàre. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni.”

Èsì rẹ̀ ò pẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Ibi tí ẹ máa ń já sí lójoojúmọ́, ibẹ̀ lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí?”