Omi Dúdú Lẹ́yìn Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ameer

Bí èèyàn bá dé àdúgbò àwọn onítẹ̀wé ní Ṣómólú, tí ebi sì ń pa á, kò ní í béèrè lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó júwe ṣọ́ọ̀bù Habeebat fún un. Ìyá Ameer ni gbogbo ayé ń pè é. Obìnrin náà kò ga, kò sì sanra, ṣùgbọ́n bó bá la ẹnu, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í bò ó mọ́lẹ̀. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ti bí i, nínú agbo ilé tí wọn kì í ti í gbé ọ̀rọ̀ sínú sùn. Ọkọ rẹ̀, Sùrájù, tó ń gé ìwé ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìtẹ̀wé náà, jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ọlọ́run mọ ohun tó ń ṣe, Ó gbé omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná.

Ohun kan wà tí Habeebat kò gbà nínú iṣẹ́ rẹ̀: oúnjẹ lílọ́wọ́ọ́rọ́. Ìrẹsì, ẹ̀wà, ọbẹ̀ ata, gbogbo rẹ̀ ló ń wà lórí iná títí yóò fi tán. Kò sí ti pé kí wọ́n dà á sínú kúlà kó máa tutù díẹ̀díẹ̀ dìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan, Munirat, àbúrò rẹ̀ tó ń bá a ṣiṣẹ́, pa iná abẹ́ ọbẹ̀ kí gáàsì má bàa tètè tán. Ojú àwọn oníbàárà náà ni Habeebat ti bú mọ́ ọn.

"Ṣé gáàsì ni wọ́n wá jẹ níbí ni? Tan iná yẹn padà jàre!"

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù gan-an ni wàhálà wà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé náà, Bàbá Àjàlá ló ni ín, òun àti àwọn ayálégbé rẹ̀ ló sì ń gbé òkè. Kòtò tí gbogbo ilé ìyàgbẹ́ wọn ń dà sí ti kún láti ọdún tó kọjá. Ìdérí rẹ̀ ti sán, omi dúdú sì ń jò jáde níbẹ̀, ó ń gba ẹ̀yìn ògiri Habeebat kọjá lọ sínú gọ́tà. Bí òjò bá rọ̀, yóò kún dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Habeebat fẹjọ́ sùn títí ẹnu rẹ̀ fẹ́ bó. Bó bá lọ láàárọ̀, Bàbá Àjàlá á ní òun ń jẹun lọ́wọ́, kí ó má sọ ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ sí òun lójú oúnjẹ. Bó bá lọ lọ́sàn-án, wọ́n á ní bàbá ti sùn. Bó bá sì rí i mú, bàbá á fọwọ́ pa á lórí bí ọmọ kékeré.

"Ní sùúrù, ọmọ mi. Mò ń wá àwọn tí yóò wá gbé e lọ."

Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ, òjò bẹ̀rẹ̀, bàbá ṣì ń wá wọn. Habeebat fúnra rẹ̀ ló ra símẹ́ǹtì tó fi dí ẹsẹ̀ ògiri tirẹ̀. Láràárọ̀ ló ń da oògùn apakòkòrò sílẹ̀ kí ó tó gbé ìkòkò kaná.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí àwọn wolé-wolé fi dé. Ọ̀sán ni, ṣọ́ọ̀bù kún, àwọn onítẹ̀wé jókòó pẹ̀lú tàdáwà ìtẹ̀wé lọ́wọ́, wọ́n ń jẹun. Obìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ ìjọba ló ṣáájú, Ìyáàfin Bámilóyè, ọkùnrin méjì sì tẹ̀lé e.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. A fẹ́ wo ibi tí ẹ ti ń dáná."

"Ẹ wò ó dáadáa, mà. Mi ò fi nǹkan kan pamọ́."

Ìyáàfin Bámilóyè ki nǹkan tí wọ́n fi ń wọn ooru bọ inú ẹ̀wà, ó wò ó, ó mirí. "Ó gbóná dáadáa." Ó béèrè ìwé àyẹ̀wò ara wọn, Habeebat gbé e jáde. Ó wo èékánná Munirat, ó mọ́. Inú Habeebat ti ń dùn, ó ti fẹ́ ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún àlejò, nígbà tí obìnrin náà ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Òórùn ló kọ́kọ́ wọlé.

"Kí nìyí?"

"Ẹ bi onílé, mà. Òkè ló ń gbé. Ẹnu mi ti fẹ́ bó lórí ọ̀rọ̀ yẹn."

"Ìyá, kì í ṣe onílé ló ń ta oúnjẹ níbí. Ẹ̀yin ni. Mi ò lè jẹ́ kí irú omi yìí máa ṣàn lẹ́sẹ̀ ìkòkò, kí ẹ sì máa bu oúnjẹ fún ọmọ ọlọ́mọ. Mo máa ti ṣọ́ọ̀bù yìí."

"Ẹ máa ti kí ni?" Ṣíbí ọbẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Habeebat. "Ṣé èmi ni mo yà á ni? Ilé tí ìgbẹ́ ti wá, ẹ ò tì í. Ẹni tí wọ́n dà á lé lórí lẹ fẹ́ tì!"

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà sún mọ́ Munirat, ó ní kó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó wá rí àwọn ní kọ̀rọ̀, pé kò sí ohun tí kò lójútùú. Munirat sọ ọ́ sí Habeebat létí. Habeebat sì gbé e síta bí ẹni ń polówó ọjà.

"Kí n wá rí yín ní kọ̀rọ̀? Bí mo bá rí yín, ṣé ìgbẹ́ yẹn máa gbẹ ni?"

Ìyáàfin Bámilóyè yíjú sí ọkùnrin náà. Bó ṣe wò ó, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Habeebat rí i, ó rò pé bóyá ọ̀rọ̀ máa yí padà. Kò yí padà. Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn jáde, wọ́n lẹ ìwé pupa mọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n sì gbé àgádágodo kọ́ ọ.

Habeebat ti gbé àwọn ìkòkò rẹ̀ síta kí wọ́n tó tì í. Ó dúró sẹ́bàá títì, ó ń bu ìrẹsì fún ẹnikẹ́ni tó ń kọjá, ọlọ́kadà, onípákí, àwọn ọmọ iléèwé, kò gba kọ́bọ̀. Ó ń sọ ẹ̀wà sínú àwo bí ẹni ń sọ òkò. Munirat ń sunkún. Sùrájù sáré dé pẹ̀lú eruku ìwé lórí.

"Ìyá Ameer, jẹ́ ká lọ bẹ̀ wọ́n."

"Bẹ̀ wọ́n? Kí n máa bẹ èèyàn nítorí ìgbẹ́ ẹlòmíì?"

Láti òkè, Níní, ọmọbìnrin onídìrí tó ń gbé yàrá iwájú, na ọrùn jáde lórí irin pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. "Ìyá Ameer, ẹ fara balẹ̀ o. Ariwo kọ́ ló máa ṣí i."

Bàbá Àjàlá náà sọ̀ kalẹ̀. Ó wo àgádágodo, ó wo Habeebat, ó yọ pákò lẹ́nu.

"Mo ti mọ̀ pé oúnjẹ títà yìí máa kó bá wa. Omi tí ẹ fi ń fọ àwo náà ló kún kòtò mi."

Gbogbo ẹni tó mọ Habeebat ló sún sẹ́yìn, wọ́n ń dúró de ìjì. Kò jà. Ó kàn ń wo ẹnu bàbá náà. Omi àwo? Gọ́tà iwájú ni wọ́n ń da omi àwo sí, bàbá sì mọ̀. Ó tutọ́ sílẹ̀, ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó ń lọ sílé. Munirat sọ lẹ́yìn náà pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló bà òun lẹ́rù jù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ sí ọ́fíìsì àwọn wolé-wolé. Wọ́n ní kó lọ, kó padà wá lọ́la. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n tún sọ ọ́, ó ní ibẹ̀ lòun máa ti rí ọ̀la náà. Nígbà tó yá, Ìyáàfin Bámilóyè jáde sí i.

"Ìyá, ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn yín ti sọ ohun tí ẹ máa ṣe."

"Mi ò wá bẹ̀bẹ̀, mà. Ìbéèrè ni mo bá wá. Òfin tí ẹ fi ti ṣọ́ọ̀bù mi, ṣé kò lè gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni? Àtẹ̀gùn wà níbẹ̀."

"Ṣé ẹ fi ẹjọ́ onílé yín sùn wá rí?"

"Ẹ fẹsẹ̀ yín wọlé. Ẹ fi ojú yín rí i. Ẹ fi imú yín gbóòórùn rẹ̀. Ẹjọ́ wo lẹ tún fẹ́ kí n sùn?"

"Ẹ má pariwo mọ́ mi!"

"Màá pariwo! Ojú yín ò ríran ju ibi tí aláìní jókòó sí lọ ni!"

Àwọn obìnrin méjèèjì ń wo ara wọn, inú ń bí wọn bákan náà. Ìyáàfin Bámilóyè ló kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. Ó wọlé, ó gbé báàgì rẹ̀ jáde.

"Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá débẹ̀, ohun tí mo bá rí ni màá tì. Ẹ má bẹ̀ mí o."

"Ta ló fẹ́ bẹ̀ yín?"

Ohun tó rí náà ló tì. Ó gun òkè, ó wo gbogbo ilé ìyàgbẹ́, títí kan ti inú yàrá Bàbá Àjàlá, nítorí kòtò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń dà sí. Ó lẹ ìwé pupa mọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá Àjàlá ní òun mọ èèyàn ńlá. Ìyáàfin náà ní kó kí wọn.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé ti dàrú. Níní sọ̀ kalẹ̀ wá pẹ̀lú aṣọ ìnura lọ́rùn, ojú rẹ̀ le.

"Ẹ wo ohun tí ẹ fà bá wa, Ìyá Ameer! Níbo lẹ fẹ́ kí a máa lọ báyìí?"

"Ìwọ lo ní kí n fara balẹ̀ lánàá. Ìwọ náà fara balẹ̀."

Níní dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Lẹ́yìn náà ó yíjú, ó gun òkè padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀kùn Bàbá Àjàlá. Àwọn ayálégbé yòókù dara pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn tí bàbá ti ń wá láti ìgbà ọyẹ́, ọjọ́ kejì ló rí wọn. Ọkọ̀ agbẹ́gbin dé, wọ́n gbẹ́ kòtò náà dé ìsàlẹ̀, wọ́n ṣe ìdérí tuntun, wọ́n pààrọ̀ páìpù. Ìyáàfin Bámilóyè padà wá, ó ṣí òkè, ó ṣí ìsàlẹ̀. Kò tọrọ àforíjì, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Habeebat fọ ògiri ẹ̀yìn kí ó tó dáná, Habeebat sì fọ̀ ọ́ pẹ̀lú èébú lẹ́nu.

Ó ṣì ń tún orúkọ rẹ̀ ṣe lójú àwọn oníbàárà nígbà tí kúìtì nótíìsì, ìwé tó ní kó kó jáde, dé. Bàbá Àjàlá ní òun nílò ṣọ́ọ̀bù òun.

Ọjọ́ yẹn ni àdúgbò gbọ́ ohùn Sùrájù. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ yẹn dúró lágbàlá, ó ké pe Bàbá Àjàlá kó sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò nítìjú! Ẹ̀gbin yín ló fẹ́ pa èèyàn, ẹni tó jẹ́ kí ẹ kó o kúrò lẹ wá ń lé!"

Bàbá kò jáde. Sùrájù wojú òkè, ó ń retí pé ẹnìkan á bá òun dá sí i. Wọ́n wà lórí irin pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Níní wà níbẹ̀. Olúkúlùkù ń ro ti yàrá tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó la ẹnu. Èyí ló dun Habeebat ju àgádágodo lọ. Nígbà tí Sùrájù ní àwọn á lọ sí kóòtù, ó kọ̀. Ó ní òun ò ní í dáná lábẹ́ òrùlé bàbá náà mọ́, kódà bí wọ́n bá fún òun lọ́fẹ̀ẹ́.

Bariga ló gbà lọ, ní ọ̀nà tó já sí Akoka, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí. Ọjà kọ́kọ́ kú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ̀ ọ́n. Ó gbọ́ pé Bàbá Àjàlá ti fi ṣọ́ọ̀bù náà fún oníṣòwò fóònù, pé ó ń júwe ẹ̀yìn ilé fún gbogbo ẹni tó bá wá gbalé: "Ẹ wò ó, mímọ́ tónítóní." Habeebat kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ tó gbọ́ ọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Níní wọlé. Ó wá ṣe irun fún ẹnìkan ní Akoka, ó ní òun ní kí òun yà.

"Ìyá Ameer, ẹ ṣeun o. Ilé ti mọ́, kòkòrò ti lọ. Bàbá kàn fi owó lé owó ilé gbogbo wa ni, ó ní ilé ti dára sí i. Ó ká wa lára gan-an. A ní bóyá ẹ lè bá wa mú obìnrin wolé-wolé yẹn wá, tàbí kí ẹ bá wa sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Habeebat fi ṣíbí sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára ìró.

"Níní, lọ́jọ́ tó lé mi, kí lẹ sọ?"

Ọmọbìnrin náà wolẹ̀.

"Mo ní, kí lẹ sọ?"

Habeebat yíjú sí akẹ́kọ̀ọ́ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Kí ni kí n bù fún ọ, ọmọ mi?"