Ìdọ̀bálẹ̀ Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Bọ́ọ̀lù kan tí mo gbá ní Ìjù nígbà èwe mi, Tóògéètì Ṣàngó ló balẹ̀ sí. Ẹsẹ̀ mi yìí ni ọmọkùnrin tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí jogún tó fi di agbábọ́ọ̀lù lókè òkun.

Bó bá ti gbá góòlù wọlé, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí àwọn òǹwòran. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn òyìnbó rò pé ó dákú ni, ni dókítà wọn bá sáré wọ pápá. Ọmọ wa ní, "Ẹ má bínú sà, ẹ̀yin ni mo ń kí."

Nígbà tó yá, orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n ní orúnkún náà lè má ká mọ́. Lọ́jọ́ tó padà wọ Ọ̀tà, ìyá rẹ̀ ti ń kígbe lẹ́nu ọ̀nà: "Dúró bẹ́ẹ̀! Má dọ̀bálẹ̀ o, mo ti gba ìkíni rẹ!"

"Màámi, ẹ jẹ́ n kí yín jàre."

Ó nà gbalaja. Ó tẹ ọwọ́ mọ́lẹ̀, ó ká orúnkún kò, ó sì dìde láìdi ẹnikẹ́ni mú. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ń nu omijé.

Bọ́ọ̀lù Ìjù àti dókítà yẹn, èmi ni mo fi wọ́n kún ìtàn yìí. Àmọ́ ìṣojú mi ló ti dìde.