Gokul Maiti Tó Yá Òkú Lóhùn

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Tollygunge, àdúgbò tí wọ́n ti ń ṣe fíìmù ní Calcutta, Gokul Maiti ti lo ọdún mọ́kàndínlógún nínú yàrá ohùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa dá fíìmù padà sẹ́yìn, kí òṣèré lè tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ sórí àwòrán títí ohùn á fi bá ètè mu. Èmi ń gé fíìmù nínú yàrá kejì, ògiri pákó ló là wá láàárín. Ará abúlé kan ní Medinipur ni Gokul, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ sì kéré débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ló gbọ́dọ̀ pe oní-tíì kó tó gbọ́.

Dibakar Lahiri ló ń wá síbẹ̀ jù. Láyé ìgbà náà, kò sí ilé kan ní Calcutta tí wọn ò ti mọ ojú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń ya irun bíi tirẹ̀, àwọn ọmọbìnrin ń lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ inú àpótí aṣọ. Ọdún mẹ́fà ló fi ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lórí ìtàgé kí wọ́n tó fún un ní ipa dókítà afọ́jú kan nínú sinimá, ibẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Gokul ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ lágbọ́túngbọ́. Ó mọ ibi tí Dibakar ti máa ń mí nínú ọ̀rọ̀.

Ní oṣù òjò, Dibakar ṣubú nílé ìwẹ̀, ẹ̀mí sì ti bọ́ kí dókítà tó dé. Èrò tó sin ín lọ síbi tí a ti ń sun òkú pọ̀ débi pé ọkọ̀ tíráàmù ò lè kọjá. Ó fi fíìmù kan sílẹ̀ tí wọ́n ti yà tán, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ọ̀rọ̀ ìdajì rẹ̀.

Olùdarí fíìmù náà, Manabendra Kar, dán èèyàn márùn-ún wò. Kò sí èyí tí ohùn rẹ̀ jọ ti olóògbé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbọ́ ohùn Dibakar láti ẹ̀yìn pákó. Àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ mi.

Manabendra sáré wọlé. "Gokul! Ta ló sọ̀rọ̀ níbí?"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Èmi ni. Mo kàn ń ṣeré ni."

"Eré wo? Tún un sọ, jọ̀ọ́!"

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Gokul fi sọ ọ̀rọ̀ olóògbé. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, wọ́n dé ibì kan tí Dibakar dúró lórí àtẹ̀gùn, tó yíjú padà, tí ètè rẹ̀ sì mì. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ nínú ìwé eré.

"Fi í sílẹ̀," ni Manabendra wí. "Ó máa ń fi tirẹ̀ kún un."

Ṣùgbọ́n fíìmù ti ń yí, Gokul sì ti lanu: "Bula, má ti fèrèsé yẹn mọ́. Mò ń padà bọ̀."

Ó bá ètè náà mu rẹ́gí.

"Ta ni Bula?"

"Mi ò mọ̀, ọ̀gá." Ó di tábìlì mú.

Wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà han ìdílé Dibakar. Opó rẹ̀, Hemnalini, jókòó níwájú nínú sárì funfun, aṣọ ọ̀fọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn jáde, ó dìde. Wọ́n tan iná.

"Ta ló sọ ìyẹn?" ni Hemnalini bi wọ́n. Gokul na ọwọ́ sókè, opó náà sì kọjú sí i. "Ta ló sọ orúkọ yẹn fún ọ? Òun nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ìyá mi gan-an ò mọ̀ ọ́n." Ó nawọ́ sí ògiri àwòrán. "Ọjọ́ tí a sun ún ni mo ti fèrèsé yàrá rẹ̀. Oṣù kẹta ọdún yìí, kó tó kú, ni wọ́n ti ya àwòrán yìí."

Hemnalini dá Gokul dúró lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń jáde.

Ó bẹ Gokul kó máa wá ka ìwé ìròyìn fún òun ní ọ̀sán Sunday. Àánú ṣe é, ó ń lọ. Ní Sunday kẹta, màmá náà kàn dá a lẹ́nu dúró, bí ẹni ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù irin yẹn ńkọ́? Mo ti wá a títí."

Gokul dáhùn kó tó mọ̀: "Ó wà nínú àpò kóòtù tí mo wọ̀ lọ sí Darjeeling."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá a.

Láìwọ bàtà ni Gokul sá délé. Shefali ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ló dé. Bó ṣe fèsì báyìí, obìnrin náà kígbe: "Ẹ fi ohùn yín sọ̀rọ̀, Bàbá Mini!"

"Ohùn mi nìyí."

"Irọ́ ni! Tiyín kọ́ nìyẹn!"

Oṣù mẹ́rin ni ohùn Dibakar fi wà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀ nínú tíráàmù, gbogbo orí á yí padà, àwọn kan á bú sẹ́kún. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Shefali bá mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá tó bí Gokul ní Medinipur. Ojú ìyá ò ríran dáadáa mọ́.

"Àlejò wo lẹ mú wá?"

"Èmi ni, Ìyá. Gokul ni."

"Gokul wo? Ọmọ mi kì í sọ̀rọ̀ bí olówó onílẹ̀. Tó bá jẹ́ ìwọ ni, kọ orin tí o fi ń da ewúrẹ́ wọlé."

Ojú tì í, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́. Ìlà àkọ́kọ́, ti Dibakar ni. Ní ìlà kejì, ohùn náà sán, èyí tín-ínrín sì yọ jáde, tó ń ha bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo.

"Ẹn-ẹ́n!" ni ìyá wí. "Òun gan-an nìyí. Kò mọ orin kọ rí."

Shefali rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, Gokul padà lọ kí Hemnalini ní ọ̀sán gangan. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, èmi Gokul ni mo wá. Kò sí ẹlòmíràn lọ́dọ̀ mi."

Màmá wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kó jókòó, ó gbé àkàrà dídùn àti tíì fún un, ó sì bi í, fún ìgbà àkọ́kọ́, pé ọmọ mélòó ló bí.